Búréèkì Tí Ẹ Yọ Lára Ẹ̀rọ Ìgégi

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, tí mo ṣì ń bínú sí,

Ẹ̀rọ ìgégi yín wà lọ́wọ́ mi ní Àkúrẹ́. Mi ò tà á. Lẹ́yìn tí a sin yín ní Oǹdó, àbúrò yín ọkùnrin ní ohun tó pa ẹ̀gbọ́n òun kò gbọdọ̀ wà nínú ilé náà mọ́, pé ká tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Màmá gbà pẹ̀lú wọn. Èmi nìkan ni mo kọ̀. Mo gbé e wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tà á.

Kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn ló pa yín, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí tí ẹ kò lè ní kí n panu mọ́. Ọdún tí ẹ kú le. Gàárì wọ́n, epo bẹntiróòlù wọ́n jù ú lọ, ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún yín ń kánjú, ẹ̀yin náà sì ń kánjú. Irin pẹlẹbẹ tó wà níwájú ọwọ́ òsì, búréèkì tó ń dá ṣéènì dúró bí ẹ̀rọ bá ta padà, ẹ ní ó ń dí yín lọ́wọ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ jù ú sínú agolo ìṣó. Nígbà tí imú ẹ̀rọ kọ lu ẹ̀ka kan tó fara pamọ́, ó ta padà sí yín léjìká, kò sì sí ohun tó máa dá a dúró. Ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára yín kí ọkọ̀ tó jáde láti inú igbó.

Kí ló dé? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ gbogbo kọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sátidé? Ẹ̀yin tí ẹ ń pọ́n eyín ṣéènì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ń fi imú kọ orin ìjọ, tí ẹ kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí ẹ ó fi parí? Mo ń bi yín, mo sì mọ̀ pé mi ò ní gbọ́ èsì.

Mo tú agolo ìṣó yẹn, mo rí irin náà. Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá mẹ́káníìkì yín. Ó ní kò sẹ́ni tó ń lò ó nínú igbó, pé kí n má fàkókò ṣòfò. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ títí tí ó fi rí i pé mi ò ní lọ. Ó fìbínú bá mi dá a padà sáyè rẹ̀.

Bọ̀dá Fẹ́mi tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú igbó ló kọ́ mi ní igi gígé, ní ilé wọn ní Isikan, ní Àkúrẹ́ níbí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà mí láyè láti tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, bí wọ́n ṣe ń fa ṣéènì le, bí àtàǹpàkò ṣe gbọ́dọ̀ di ọwọ́ ẹ̀rọ mú lábẹ́, kí n má sì gbé e ga kọjá èjìká láé.

Nínú òjò tó kọjá, ìjì gbé igi ńlá kan ṣubú ní Alágbàká, ó fẹ̀gbẹ́ ti igi mìíràn lókè títì. Wọ́n pe èmi àti Bọ̀dá Fẹ́mi. Ọ̀gá tó pè wá ni ọ̀gá yín. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo tan ẹ̀rọ, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti búréèkì síwájú. Ṣéènì kò dúró. Mo pa á, mo gbé e sílẹ̀. Ọ̀gá yín ní èèyàn pàtàkì kan ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án, pé títì gbọ́dọ̀ ṣí. Mo ní mi ò lè gé e báyìí. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

“Bàbá ẹ bá mi ṣiṣẹ́ títí, wọn ò yẹ búréèkì kankan wò rí.”

“Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èmi lẹ rí níbí lónìí, sà, tí kì í ṣe àwọn.”

Ó yíjú sí Bọ̀dá Fẹ́mi pé kí wọ́n gé e. Bọ̀dá Fẹ́mi pa ẹ̀rọ tiwọn náà, wọ́n wá jókòó tì mí létí gọ́tà. Ọ̀gá bú wa dáadáa. Ó pe àwọn mìíràn lórí fóònù, kò rẹ́ni tó lè tètè dé. Níbi tó ti ń pariwo, a tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Èérún igi àti ọ́ìlì ti dì mọ́ inú búréèkì. A ha á kúrò, a nù ún, a dì í padà, mo tún tan án. Mo tì í síwájú, ṣéènì dúró lójú ẹsẹ̀.

A ta okùn dí títì. Àwọn ọlọ́kadà ń kùn. A gé ẹ̀ka kúrò díẹ̀díẹ̀ títí igi fi wálẹ̀ láì kan ẹnikẹ́ni. Èèyàn pàtàkì náà kọjá. Ọ̀gá yín ní òun ò ní pè mí mọ́ láyé. Mo ní ẹ ṣeun, sà. Ó ń sọ kiri báyìí pé olóríkunkun ni mí. Òótọ́ ló sọ.

Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, Màmá kò dárúkọ iṣẹ́ yìí sí mi létí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wá ra aṣọ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n sì yà síbi tí mo ti ń gégi nítòsí. Wọ́n dúró lẹ́yìn okùn títí mo fi pa ẹ̀rọ. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé mo dá nǹkan padà sára rẹ̀, kí n fi han àwọn. Wọ́n fọwọ́ ti búréèkì síwájú, wọ́n fà á padà, wọ́n tún tì í.

“Ṣé èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ yìí náà ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n jókòó sórí ìtì igi, wọ́n sunkún bí wọn ò ṣe sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú yín. Mi ò pẹ̀tù sí wọn. Nígbà tó yá, wọ́n dìde, wọ́n gbọn èérún igi kúrò lára ìró, wọ́n ní kí n yára parí iṣẹ́ mi ká lè jọ lọ jẹun. Mo wọ ìbọ̀wọ́ mi, mo tan ẹ̀rọ.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, olóríkunkun, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.