Ẹ Bá Mi Dá Fọ́tò Náà Dúró ní Lọ́kọ́ja

Khàdíjàt ọmọ ọmọ mi, àdùkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo jí ní Jikwoyi l'Ábújá? Ṣé ara Ṣítù, àbúrò ìyá rẹ, le, àti ìyàwó rẹ̀? Àwa náà wà nílé ní ẹ̀bá Kàbà níbí, ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, orúnkún mi ló kàn ń dùn mí bí òjò bá ṣú. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o, tíṣà wa ní kíláàsì àwọn àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ, ní ọwọ́ mi ti ń tọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí yóò ba etí wa jẹ́. Ṣùgbọ́n jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Múyìwá pè mí lórí fóònù pé o tọrọ owó ẹ̀bùn tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ yunifásítì, pé lọ́la òun yóò wá wo ilé tí o ti jáde, òun yóò sì béèrè bí a ṣe ń gbé àti ohun tí a ń jẹ. Khàdíjàt, àna nìkan ni mo mọ̀ tó ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ta ni yóò sọ fún àna pé ebi ń pa ilé òun? Ni mo bá yá fìríìjì Ìyá Shalom aládùúgbò wa, èyí tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tutù, mo gbé e sí pálọ̀. Mo ní kí Alhaji Ọláoyè gbé mọ́tò rẹ̀ sábẹ́ máńgòrò wa. Nígbà tí Múyìwá béèrè ẹni tó ni ín, mo ní abẹ́ igi wa ló ń sùn, n kò purọ́. Mo ní ẹran lo fi ń jẹun láàárọ̀ àti lálẹ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú. Mo ní kò sí ẹni tó jókòó l'Ábújá tí kì í ṣe orí àga tí Ṣítù kàn ní ọjà Kugbo, bẹ́ẹ̀ èmi àti ìwọ mọ̀ pé pákó ló ń bá ọ̀gá rẹ̀ fá. Mo pa àkùkọ fún un, ó jẹ ẹ́, ó ya fìríìjì ní fọ́tò, ó dúpẹ́. Mo rò pé owó ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo fi yangàn ní kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ. Ó ní Màámi, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ kò lágbára ni wọ́n ń fún lówó náà, àìní yín gan-an ni ọkùnrin yẹn wá wò! Mo lọ sọ ọ́ fún Ìyá Shalom. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ògiri mú, ó ní kí n wá yá òṣì lọ́dọ̀ òun báyìí, pé ìyẹn kún ilé òun.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ èmi àgbà náà ni mo wọ́ tìrẹ yìí. Mo pe Múyìwá, ó ní fọ́tò ti dé Àbújá kí òun tó jẹ ẹran tán. Mo bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n bá mi dá a dúró ní Lọ́kọ́ja, níbi tí gbogbo mọ́tò ti ń dúró jẹun. Ó ní bí mo bá lè fẹsẹ̀ ara mi wá sí ọ́fíìsì wọn l'Ábújá kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, kí n sọ òótọ́, wọn yóò tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. N kò lè sùn mọ́. Bí owó yìí bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, kí lo fẹ́ fi padà sílé ìwé? Koríko nìkan ni oko mú wá lọ́dún yìí.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o fi ti oògùn orúnkún sí i. Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ ní kí n wọ aṣọ oko wá, mo ní ṣé wọn kò kọ́ ọ nílé ni? Léèsì mi ni mo máa wọ̀. Mo ti ń kọ́ bí mo ṣe máa sọ pé a kò ní. Níwájú dígí mo lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti wọlé, ẹnu mi á ní a dúpẹ́, a ò ráhùn. Kí o jókòó tì mí níbẹ̀. Bí mo bá ti dárúkọ ẹran, tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọlọ́run tó mọ ohun tó wà nínú ìkòkò wa láìṣí i wò, yóò jẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́. Ìwé tí o bẹ̀rẹ̀, wàá kà á parí, ojú mi yóò sì rí i.

Èmi ni ìyá ìyá rẹ,
Ràṣídátù aláìní.
Mo ti kọ ọ́ o, ó ku kí n sọ ọ́.