Pẹtiróòlù ni Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kejì

Arúgbó kú lónìí. Ọkọ̀ wa ni mò ń wí — pikọ́ọ̀pù tí Bàbá fi sílẹ̀ fún èmi àti Ẹ̀gbọ́n, tó ti ń wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ láti ìgbà tí n kò tíì hu irùngbọ̀n. Òkè búlọ́ọ̀kù, níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, ló kú sí, pẹ̀lú lọ́rì oníyanrìn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó tu èéfín, ó dákẹ́. Lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í fà wá padà sí ìsàlẹ̀ òkè. Mo tẹ bíréèkì títí orúnkún mi fi dún. Ògiri ẹnì kan ló gbà wá dúró. Ó wó lé wa.

Ẹ̀gbọ́n wà ní ìdí ṣéènì tí a fi ń wọ́ ọkọ̀, ibi tó máa ń wà. Ó fò sínú gọ́tà, ètè rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ bo eyín rẹ̀.

Mo jáde, mo gbé òòlù, mo fọ́ gíláàsì Arúgbó tó kù. Ẹ̀gbọ́n jókòó létí gọ́tà, ó ń wò mí. Ó ní ṣé ó ti tó. Mo ní kò tíì tó. Mo fọ́ iná iwájú náà.

Àfi ká ra òmíràn. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ kì í wọ́ ọkọ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Ẹ̀gbọ́n ní pẹtiróòlù ni ká rà. Èmi ní dísẹ́ẹ̀lì. A ò tíì jà.

Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Ọgbà Ẹnu-Oyin. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn — ọ̀gbẹ́ni tó ń ta ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ lè ta ihò fún èkúté. Méjì ló bá iṣẹ́ wa mu. Funfun, pẹtiróòlù. Dúdú, dísẹ́ẹ̀lì. Mo gun dúdú, mo yí kọ́kọ́rọ́ — háà! Ìró rẹ̀ wọ̀ mí ní egungun ìbàdí. Ìró ẹni tó ti bọ́ ẹ̀wù fún ìjà. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òsì kàn jókòó bí àlejò.

Mẹkáníìkì wa bá wa lọ. Ó ní dísẹ́ẹ̀lì máa ń ti ìsàlẹ̀ fa ẹrù, kò nílò eré. Pé kì í mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè. Pé epo rẹ̀ máa ń pẹ́. Ó ní pẹtiróòlù náà kò burú, àtúnṣe rẹ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n tí ẹrù bá wúwo, á kọ́kọ́ pariwo kó tó ṣe nǹkan. Pé kí àwa sọ ohun tí a fẹ́ wọ́. Mo ní lọ́rì la fẹ́ wọ́, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n ní dísẹ́ẹ̀lì ń rùn. Mo ní ẹ̀yin náà ń rùn, Ẹ̀gbọ́n, a ò sì tà yín. Ó ní ariwo rẹ̀ pọ̀. Mo ní àwa kì í ṣe akọrin. Ó ní tó bá bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ á jẹ wá lórí. Mẹkáníìkì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú àwáwí Ẹ̀gbọ́n tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ń sọ wọ́n, èmi ló ń wò, kò wo ọkọ̀.

Ẹnu-Oyin wá ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó ní ẹni tó bá ń bẹ̀rù dísẹ́ẹ̀lì, kó lọ máa tún bàtà ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bú! Mo dì í mú lọ́rùn ẹ̀wù, mo gbá orí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ funfun. Ilẹ̀kùn tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló fà mí kúrò.

Èmi lè bú Ẹ̀gbọ́n. Kò sí ẹlòmíràn.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Ilé Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tún dé. Inú bí mi, mo ní ojo ni. Ó gbá mi létí. Mo gbé àpótí ìjókòó, mo sọ ọ́ mọ́ ògiri, ẹsẹ̀ àpótí náà kan kọjá létí ìyàwó Ẹ̀gbọ́n fìrì.

Kò pariwo. Ó ṣa igi náà jọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé ló ti ń pè mí ní Ọkọ mi Oníná, tẹ̀ríntẹ̀rín. Lónìí ó ní, Ọkọ mi Oníná, ọjọ́ kan ni iná yìí máa jó ẹni tó ń yá a. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tọrọ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n ní ohun tí Bàbá kọ́ mi ti mọ́ mi lẹ́sẹ̀ jù. Òótọ́ ni. Arúgbó kò lágbára, nítorí náà Bàbá máa ń jẹ́ kí ṣéènì dẹ̀ nílẹ̀, á wá sáré síwájú, á já ẹrù náà lójijì. Gìrì là ń pè é. Kò sí lọ́rì tí gìrì kò lè yọ nínú ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á rẹ àpò sínú omi, á tẹ́ ẹ lé ṣéènì láàárín, pé tó bá já, àpò tútù á fà á wálẹ̀, kò ní fò lu ènìyàn. Aṣọ ìkókó ni mò ń pe àpò yẹn. Nígbà míì á tún gbé ọwọ́ lé ṣéènì, pé òun ń gbọ́ ohun tó ń sọ.

Mo ní dísẹ́ẹ̀lì kò nílò gìrì. Jẹ́jẹ́ ló máa ń fà. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ní, ọkọ̀ kò nílò rẹ̀, ìwọ ńkọ́?

Irú ìbéèrè wo nìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ọwọ́ mi wú, ìkọ̀wé yìí rí wúruwùru. Ọkọ̀ onípákó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Oníbàárà wa ni láti ayé Bàbá. Nígbà tí a ó fi rìn débẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín àti àwọn méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti so ó mọ́ ọkọ̀ tiwọn. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, òun àti àwa, òkè kan náà la jọ ń jẹ. Ó rí wa pé ẹsẹ̀ la fi rìn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Sípánà táyà wà lọ́wọ́ mi. Mo fi gbá a léjìká. Mo gbọ́ tí egungun ṣe pàù.

Àwọn méjèèjì yẹn gbé mi ṣánlẹ̀. Bàtà nínú ikùn, bàtà lórí ọwọ́. Ni nǹkan wúwo bá bò mí, ìpá kò dé ara mi mọ́, ariwo rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ni. Kò mú nǹkan kan lọ́wọ́, kò gbá ẹnikẹ́ni. Ó kàn dùbúlẹ̀ lé mi lórí, ó fi ẹ̀yìn gba èyí tó kù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ẹ̀gbọ́n ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí n lọ ra èyí tó bá wù mí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ra dúdú. Akọ lorúkọ rẹ̀. Ẹnu-Oyin dúró lókèèrè bá mi ṣòwò.

Ẹ̀gbọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: kò sí gìrì mọ́. Mo ní ó tán. Ó ní kí n búra. Mo fi sàréè Bàbá búra.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Akọ! Tírélà tó kún fún irin, nínú ẹrẹ̀ dé ìdajì táyà. Mo fà á jẹ́jẹ́, ó jáde bí ìgbà tí wọ́n bá yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ awakọ̀ tírélà, ẹni tí n kò mọ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, ó sì di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, nítorí ó ṣì ń dùn ún.

Ẹtì, ogúnjọ́

Ẹlẹ́rìn-ín kọjá. Wọ́n fi aṣọ so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà. Ó kígbe láti ojú fèrèsé pé kí n kí ìyá àgbà tó ń fi aṣọ bo ṣéènì. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n di ìgbànú mi mú, kò fi sílẹ̀ títí ọkọ̀ wọn fi yí kọ́nà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Òkè búlọ́ọ̀kù. Lọ́rì oní-sìmẹ́ǹtì wọ gọ́tà. Ẹlẹ́rìn-ín àti àwọn èèyàn rẹ̀ dé, wọ́n dúró ní òdìkejì, wọ́n ń sọ fún awakọ̀ pé nígbà tí àwa bá ṣeré tán kó pe àwọn. Ẹ̀gbọ́n so ìkọ́. Ó lọ rẹ àpò nínú gọ́tà. Kò yára. Kì í yára. Ẹlẹ́rìn-ín ń fi ọwọ́ kan tó kù gbá itan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ rọra o, kí ìkókó má jí!" Gbogbo ẹni tó dúró síbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìwé tèmi nìyí, mi ò ní purọ́ sínú rẹ̀. Mo rí Ẹ̀gbọ́n nínú dígí. Mo rí i. Ó tẹ̀ wálẹ̀, àpò wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán. Ṣéènì dẹ̀ nílẹ̀. Mo tẹná.

Gìrì.

Ṣéènì já, ó dún bí ìbọn. Gíláàsì ẹ̀yìn tú sí mi lọ́rùn. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Ẹ̀gbọ́n ti jókòó sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ táràrà wá nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Àpò ló ń wá.

Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó bọ́ ìgbànú ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan àti eyín so itan Ẹ̀gbọ́n pinpin. Èmi ṣì wà nínú ọkọ̀. Akọ ṣì ń dún.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Wọ́n gé e. Òkè orúnkún.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọlọ́pàá dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n sọ fún wọn pé ṣéènì ti gbó, pé òun ló yẹ kí òun ti pààrọ̀ rẹ̀. Ṣéènì tuntun ni. Èmi ni mo rà á.

Lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ pè mí. Orúkọ mi gan-an ló fi pè mí, èyí tí ìyá mi sọ mí. Kò pè é rí láyé. Àyà mi já ju ti ọlọ́pàá lọ. Ó mú bàtà òsì Ẹ̀gbọ́n nínú àpò ọwọ́ rẹ̀, ó fi gbá mi lójú, ó tún gbá mi, ó ń gbá mi lọ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo dúró gbà á. Ó ju bàtà náà sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n máa gbé e lọ, ẹni tó ni ín kò nílò rẹ̀ mọ́.

Ó wà lórí tábìlì níbí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n ní kí n wá. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ yàrá náà, mi ò lè dìde. Ó ní kí n dìde, pé nọ́ọ̀sì fẹ́ kọjá.

Ó ní òun kò bẹ̀rù dísẹ́ẹ̀lì rí. Ó ní gbogbo ohun tí mẹkáníìkì sọ ni òun ti mọ̀. "Pẹtiróòlù, tó o bá bínú sí i, á kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Á dá ọ dúró títí inú rẹ á fi rọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì á gbà fún ọ."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ó ní, "Níwájú Ẹnu-Oyin? Níwájú mẹkáníìkì? Àbúrò mi ni ọ́."

Ìyẹn ni pé nítorí kí ojú má bàa tì mí ni. Òórùn. Ariwo. Àtúnṣe.

Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo fẹ́ sun Akọ níná. Mo da epo inú táńkì rẹ̀ sí i lórí, mo ṣáná sí i. Kò ràn. Mo tún ṣá a. Dísẹ́ẹ̀lì kì í tètè gbaná, mo ti gbàgbé. Mo jókòó nínú epo, mo sunkún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún

Mi ò kọ nǹkan kan láti ọjọ́ yẹn. Lónìí mo gbọ́dọ̀ kọ.

Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá méjèèjì rìn dé ìdí Akọ ní òwúrọ̀. Mo ti jókòó síbi awakọ̀. Ó fi orí ọ̀pá kan ilẹ̀kùn, ó ní kí n bọ́ sílẹ̀, pé èmi ni mo máa so ìkọ́ lónìí. Mo ní Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yín. Ó ní ṣebí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́gbà Ẹnu-Oyin, tí mo ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́rì kan, òkè búlọ́ọ̀kù. Ó wà á débẹ̀. Mo so ìkọ́. Mo rẹ àpò nínú gọ́tà. Mo tẹ̀ wálẹ̀ láti tẹ́ ẹ. Ṣéènì dẹ̀ nílẹ̀, bó ṣe dẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gẹ́lẹ́.

Akọ bú ramúramù.

Mo gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n ń wò mí nínú dígí. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ìbínú wà nínú ojú yẹn — ọdún mélòó ló ti ń kó o pamọ́? — kò sì pa á mọ́ mọ́. Ó gbé ẹ́ńjìnnì sókè sí i. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ mi. Mo lè fò sínú gọ́tà. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì fẹ́ fò. Mo tẹ́ àpò lé ṣéènì, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo dúró.

Ó wò mí pẹ́.

Ìró ẹ́ńjìnnì wá rọlẹ̀. Ṣéènì gbéra nílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, ojú kan tẹ̀lé òmíràn, jẹ́jẹ́, títí ó fi le. Lọ́rì jáde.

Mo ti tọ̀ sára. Ẹ̀gbọ́n rí i. Nígbà tí a délé ó nawọ́ gba ọ̀pá rẹ̀, ó ní iṣẹ́ wà lọ́la, pé ìdí ṣéènì náà ni kí n dúró sí.