Ohun Tó Ṣe Ajá Tí O Fún Mi

                                        Ẹ̀yìn Ilé-Omi,
                                        Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn.
                                        9 Oṣù Kẹjọ, 1957.

Gbádégẹṣin, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Òǹdó? Màmá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti fúyẹ́? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́, àfi ahọ́n mi nìkan. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ajá tí o fún mi kò kú o! Mo yára sọ ọ́ kí àyà rẹ má baà já. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù.

O rántí pé Ìyá Zùwáírátù, aládùúgbò wa tó ń ta ẹ̀kọ, ráhùn pé ajá náà ń lá búta àlùwàlá àwọn. Àǹtí Láwùmí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, kò bẹ̀bẹ̀. Orúkọ ni wọ́n fi dáhùn. Wọ́n sọ ajá ní Ẹ̀yin-lẹ-mọ̀, wọ́n sì ń pè é létí ògiri títí gbogbo Ẹlẹ́yẹlé, àtẹja inú omi, fi mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Sátidé, a bá ajá nílẹ̀ pálọ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, ètè rẹ̀ wú. Ó fẹ́ gbó, ohùn kò jáde. Ó kàn ń wò mí ṣáá. Gbádé, omi bọ́ lójú èmi tí àwọn ọmọ Dùgbẹ̀ ń pè ní Olójú-Irin! Àǹtí ń rọ epo pupa sí i lẹ́nu, wọ́n ń pariwo: "Májèlé ni! Ẹni tó ráhùn náà ni!"

Ìyá Zùwáírátù gbọ́ lódìkejì ògiri. Wọ́n ní, "Láwùmí, èmi? Èmi tí mo gbẹ̀bí ọmọ rẹ?" Wọ́n wọlé. Ta ló tún máa ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ní ó ń fún ajá ní májèlé? Àánú wọn ṣe mí.

Bí mo ti ń nu itọ́ nílẹ̀, mo rí ewé kan tó já lẹ́bàá ìkòkò òdòdó tí òyìnbó ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ fún wọn nígbà tó ń relé, èyí tí funfun ṣe tóótòòtó lára ewé rẹ̀. Ojú eyín ajá wà níbẹ̀. Mo fi ahọ́n kàn án. Yéè! Bí ẹni lá ẹgbẹ̀rún ìjàlọ! Ahọ́n mi wú tó ìrọ̀rí. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ kò lè pe orúkọ ara mi. Ewé náà ni mo ń nà sí Àǹtí. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ajá, wọ́n jókòó gbì.

Ilẹ̀ mọ́, ajá mu omi, ó gbó. Ìkòkò òdòdó ti dé ààtàn. Ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́ kí Àǹtí kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Lánàá, wọ́n dúró létí ògiri, wọ́n ń ké: "Ẹ-má-bínú! Ẹ-má-bínú o!"

Ajá ò mira. Kò mọ orúkọ tuntun. Ìyá Zùwáírátù ló dáhùn lódìkejì: "Mo gbọ́ o, Láwùmí. Wá gbé ẹ̀kọ, ó ti jinná."

Bá mi kí gbogbo ilé. Bí ewé kan bá ń dán ní pálọ̀ yín, gbé e kúrò níwájú ológbò Màmá.

Èmi ni tìrẹ, tí ahọ́n rẹ̀ ṣì ń ta,
Adégbénró