Omi Kànga Ìyá Mi Ni Ọkọ Mi Ń Mu

Mo ń bu omi tó pa ìyá mi fún ọkọ mi mu. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tún un kà dáadáa. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o, torí ará Abẹ́òkúta pọ̀ lórí page yìí, àwọn oníbàárà mi náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa kọ ọ́ pé Ọlọ́run á bínú sí mi, ẹ ní sùúrù, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná.

Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú. Olùkọ́ yunifásítì ni ọkọ mi, Dọ́kítà ni gbogbo ayé ń pè é, èmi náà ò pè é ní nǹkan mìíràn. Kì í ṣe dọ́kítà aláìsàn, ti ilẹ̀ àti omi ni tirẹ̀, environmental science. Bí omi ṣe ń rìn lábẹ́ àpáta, ohun tó ń bá omi wọ ara èèyàn, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Abúlé kan nílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí ni wọ́n bí mi sí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta kò jìnnà síbẹ̀. Kànga kan wà lágbàlá bàbá mi tí gbogbo agboolé ń pọn, omi rẹ̀ tutù, ó sì dùn, àwọn tó ń ti oko bọ̀ máa ń yà mu níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo mú Dọ́kítà lọ síbẹ̀ nígbà tó ní òun ń wá kànga tí òun máa fi ṣe research tuntun. Inú mi dùn gan-an. Ọkọ mi, ilé bàbá mi, ìwé tí wọ́n máa kà lókè òkun... ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn?

Ó ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà òjò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Á bu omi sínú ìgò kéékèèké, á gba èékánná àwọn obìnrin agboolé sínú ọ̀rá, ó ní ohun tó bá wà nínú omi tí èèyàn ń mu máa ń hàn nínú èékánná. Èmi ni mo jókòó ti ìyá mi tí mo gé tirẹ̀. Màámi ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kì í ṣe pé ọkọ mi fẹ́ fi èékánná òun ṣe oògùn owó. A jọ rẹ́rìn-ín débi pé abẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó yá, Dọ́kítà yí padà. Tí a bá fẹ́ lọ kí àwọn òbí mi, á kó pure water sẹ́yìn mọ́tò. Kò ní fẹnu kan omi ibẹ̀, kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fẹnu kàn án, tí Màámi bá gbé oúnjẹ wá, á ní òun ti yó. Mo bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí! Mo ní ìgbéraga ló ń dà á láàmú, mo ní ó ń dójú tì mí níwájú àwọn èèyàn mi. Ó kàn ń wa mọ́tò lọ. Ó mọ̀... ẹ gbọ́, ó ti mọ̀ nígbà náà!

Ẹsẹ̀ Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ojú rẹ̀ náà tẹ̀ lé e. A gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. À ń gbé e lọ fọ ẹ̀jẹ̀, à ń gbé e bọ̀, Dọ́kítà ló ń fi mọ́tò gbé wa, òun ló ń di Màámi lápá mú tó bá ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Tí òùngbẹ bá gbẹ Màámi nílé, omi kànga yẹn náà ló máa ní ká bù wá, ó ní omi inú ọ̀rá ń rùn. Dọ́kítà á jókòó síwájú rẹ̀, á máa wò ó títí á fi mu ún tán. Ọwọ́ mi ni Màámi kú sí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, Dọ́kítà ní kí n tẹ̀lé òun lọ sí yunifásítì, òun fẹ́ ṣàlàyé research òun fún àwọn àlejò. Mo wọ àdìrẹ tuntun, mo jókòó sí iwájú pátápátá kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé èmi ni ìyàwó rẹ̀. Àfi bí fọ́tò kànga wa ṣe yọ gàgàrà lára ògiri. Bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù wa wà lẹ́tí rẹ̀, ìró tí ìyá mi ró sì hàn létí fọ́tò náà, wọ́n ti gé orí rẹ̀ kúrò. Dọ́kítà ń fi iná pupa kékeré kan tọ́ka sí i, ó ní òjé, tí òyìnbó ń pè ní lead, wà nínú omi yìí, ó pọ̀ ju ohun tó yẹ kí èèyàn máa mu lọ, ó sì wà nínú èékánná àwọn tó ń mu ún, bóyá láti inú àpáta ni, bóyá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, wọn ò tíì mọ̀. Ó ní láti òjò àkọ́kọ́ ni òun ti rí i. Òjò àkọ́kọ́ kẹ̀? Òjò àkọ́kọ́, ìyá mi ṣì ń gún iyán! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì wú! Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mi ò mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe.

Nígbà tí a délé, mo bi í. Kò sẹ́. Ó ní, "Tí mo bá sọ fún wọn, wọn ò ní mu ún mọ́, iṣẹ́ ọ̀hún á sì bàjẹ́. Mo fẹ́ parí rẹ̀ kí ìjọba lè rí i, kí wọ́n gbẹ́ omi tó dáa fún gbogbo abúlé. Àti pé kò dájú pé omi yẹn ló pa Màámi. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn tẹ́lẹ̀." Kò bẹ̀ mí. Ó ní kí n gbé oúnjẹ wá.

Kò dájú. Ó dáa náà. Tí kò bá dájú, kó mu ún!

Mo lọ sílé, mo sọ fún bàbá mi àti gbogbo agboolé, wọn ò mu ún mọ́, aṣọ ni wọ́n fi ń fọ̀. Èmi wá ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ, mo ní mo fẹ́ máa fi omi ibẹ̀ rẹ aṣọ láró. Inú dispenser tó wà ní yàrá ìkàwé Dọ́kítà ni mo ń dà á sí. Òun ló fi ń po tíì, òun ló fi ń lo oògùn ibà. Ó tiẹ̀ yìn ín! Ó ní omi tí mo ń rà báyìí dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wọ kíṣìnì, mo fi aṣọ bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Àwọn ọmọ wa wà ní boarding, èmi ò fẹnu kàn án, òun nìkan ni. Láràárọ̀ tó bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Mò ń wò ó bóyá ó ti ń wú. Ṣé ẹ rí bí mo ṣe dà? Mi ò kábàámọ̀, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín ni ìyá Dọ́kítà. Màmá wá láti Kọ́bapẹ́ nítorí ojú tó ń dùn wọ́n, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé títí wọ́n á fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Èèyàn dáadáa ni. Nígbà tí ìyá mi kú, orí ẹní ni wọ́n bá mi sùn, àwọn ni wọ́n ń fún mi lóúnjẹ bí ọmọdé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo bá wọn ní yàrá ìkàwé, ife ń bẹ lẹ́nu wọn. Mo já ife náà gbà, omi dà sí wọn láyà, mo parọ́ pé ọmọńlé kú sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n dípò kí n da omi yẹn nù, mo tún po tíì Dọ́kítà láti inú ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé ojú Màmá ò ríran tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ríran. Dọ́kítà rin ìrìn àjò lọ sí Ìbàdàn, wọ́n pè mí jókòó. "Ìyàwó mi, omi tí ọmọńlé kú sí ni o bù fún ọmọ mi?"

Mo fẹ́ dìde, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú.

"Kí ló wà nínú omi yẹn?"

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, wọ́n sì ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Mi ò ní pariwo. Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tó bá dé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ìwọ ni kí o sọ fún un lójú mi. Tí o ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ohun tí mo rí."

Wọn ò mọ ohun tí ọmọ wọn ṣe. Wọ́n rò pé oògùn ìfẹ́ ni, tàbí májèlé. Ṣé kí n kó ẹrù mi kí Jímọ́ọ̀ tó dé? Ṣé kí n parọ́ mìíràn? Torí ohun kan wà tó ń dùn mọ́ mi láti ìgbà yẹn... tí Dọ́kítà bá fẹ́ gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àfi kó kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé omi kànga yẹn ń pa èèyàn. Mo fẹ́ gbọ́ ọ! Mo fẹ́ kó sọ ọ́ sókè, nínú pálọ̀ mi, kí n bi í léèrè ìyá mi. Ṣùgbọ́n Màmá máa gbọ́ ọ pẹ̀lú mi, àwọn tó bí i, àwọn tó bá mi sọkún, tí wọ́n ń retí iṣẹ́ abẹ ojú. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ? Ṣé ẹ̀yin á jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ tètè, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n dárí jì í, mi ò bèèrè ìyẹn. Ọ̀la ni Jímọ́ọ̀. Mi ò tíì da omi yẹn nù.