Ẹ Yọ Òpó Táǹkì Kúrò Lábẹ́ "Ó Ti Parí"

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Manchester níbí. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ, ẹ kú ìfaradà ariwo wọn. Bọ̀ọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, akọ̀wé ilé-ìwé wa, mo kí ẹ̀yin náà. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń kọ eléyìí. Èyí tí mo kọ ní ìkọ̀kọ̀, àdúrà nìkan lẹ fi dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bàjẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òpó tó gbé táǹkì omi dúró ní ilé-ìwé yín ní Egan ti ya, ó sì ń tẹ̀ sí kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké. Àǹtí Ruka, tíṣà wọn, mọ̀; òun ló kọ́kọ́ rí i. Bọ̀ọ̀dá Délé mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀, Màámi. Èmi tí mo wà lókè òkun mọ̀. Bíríkìlà nìkan ni ò mọ̀, torí kò sẹ́ni tó pè é.

Ẹ ṣáà rántí ìdí tí mo fi ní kí gbogbo wa máa lo áàpù àtúnṣe ilé-ìwé yìí. Tẹ́lẹ̀, tí nǹkan bá bàjẹ́, kálukú á rò pé ẹlòmíì ti gbọ́. Mo wá ní kí ẹni tó bá rí ìṣòro kọ ọ́ sórí fóònù kí gbogbo wa rí i, kí orúkọ ẹnì kan wà lára rẹ̀, kó sì wà ní pupa títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ìgbà yẹn la tó máa gbé e sábẹ́ "Ó Ti Parí", á sì di àwọ̀ ewé. Àǹtí Ruka ṣe é bó ṣe yẹ. Ó kọ ọ́ pé òpó ti ya, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì kó àwọn ọmọ lọ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ọ́fíìsì.

Àfi bí mo ṣe ṣí áàpù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yí padà. "Òpó dúró ṣinṣin lágbára Ọlọ́run." Ó ti parí. Àwọ̀ ewé. Mo pe Àǹtí Ruka. Tayọ̀tayọ̀ ló fi kí mi, ó ní àwọn bíríkìlà yìí mà yára o, òun ò tiẹ̀ rí wọn nígbà tí wọ́n wá, òun sì ti kó àwọn ọmọ padà sí kíláàsì. Màámi, mo ní kó jọ̀ọ́ lọ wo òpó náà. Ó gbé fóònù dání lọ. Mò ń gbọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń ké A, B, D. Ohun tí mo tún gbọ́ ni pé ó ń pe Allah. Ó ní ìka òun wọ ibi tó ya náà.

Mo pe Bọ̀ọ̀dá Délé, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n pè mí ní Madam Manchester, wọ́n ní ẹ̀yin Màámi lẹ ní kí àwọn pa á rẹ́, pé irú ọ̀rọ̀ ibi wo ni wọ́n kọ mọ́ ilé-ìwé lára yẹn, àbí ṣé ká máa fi ẹnu ara wa pe òfò? Wọ́n ní kí n ṣe àmín jàre. Àǹtí Ruka ti tún kó àwọn ọmọ jáde, ṣùgbọ́n òjò ti bẹ̀rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá sì ti ní kó dá wọn padà kí àwọn òbí má baà máa béèrè ọ̀rọ̀.

Àdúrà yín ló gbé mi dé ibí, mi ò bá a jà. Ẹ máa gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á síbi tí tíṣà ń wò kó tó kó ọmọ wọlé. Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń darí àwọn tó ń tún nǹkan ṣe, ẹni tó fi ìṣòro sùn gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i kí iṣẹ́ tó lè parí. Pupa kì í ṣe èpè. Ó kàn ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ pé kó má gba ibẹ̀ kọjá ni.

Òtútù ibí ti mọ́ mi lára. Ohun tí ò mọ́ mi lára ni kí n máa dá jókòó sínú yàrá, kí n máa wo gbogbo àwọ̀ ewé yẹn, kí n má mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ àti èyí tó jẹ́ àdúrà. Wáyà iná kíṣìnnì tí wọ́n kọ pé ó ti parí ńkọ́? Géètì ńkọ́?

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Ẹ ní kí wọ́n tú omi táǹkì náà dànù lónìí. Ọmọ kankan ò gbọdọ̀ wọ kíláàsì yẹn. Ẹ dá ọ̀rọ̀ Àǹtí Ruka padà bó ṣe kọ ọ́, ní pupa, kí orúkọ Bọ̀ọ̀dá Délé wà lára rẹ̀. Owó bíríkìlà wà lọ́wọ́ mi. Àǹtí Ruka nìkan ló máa sọ pé ó parí. Tí mi ò bá rí fọ́tò bíríkìlà lẹ́nu iṣẹ́ níbi òpó náà kó tó di ọ̀sán Friday, èmi fúnra mi ni màá pe àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má mú ọmọ wá ní Monday. Ẹ máa bínú sí mi, mo mọ̀. Ẹ bínú.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, Màámi. Ẹ ò ní í sunkún ọmọ, tiyín àti ọmọ ọlọ́mọ tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti àwọn ará ìjọ. Ẹ kí Àǹtí Ruka, ẹ má sì bá a wí.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ̀rù ń bà,
Bùkọ́lá