Ojú Ẹ̀gbọ́n Mi Ló Wà Nínú Àwòrán Náà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná... èmi ni mo jí àwòrán tí Bàbá yà, kò sọnù rárá.

Press kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Nígbà tí ológun gbé ìjọba sílẹ̀, tíṣà kan gbé ìwé wá, ìtàn ohun tójú àwọn ará Bàrígà rí láyé ológun. Bàbá àgbàlagbà kan ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà níbẹ̀, ló fi yíǹkì dúdú ya àwòrán inú ẹ̀, original gan-an, kò sí ẹ̀dà kankan. Bàbá ní ìṣojú òun ni gbogbo ẹ̀ ṣe, pé bí òun ṣe rí wọn lòun yà wọ́n. Mo ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí mo ṣe kan èyí tí àwọn sójà ti ń wọ́ ọmọkùnrin méjì jáde nínú ilé, tí ọkùnrin kan dúró, tó ń nàka sí àwọn ọmọ náà. Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, etí ẹ̀ tó gé... I swear, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi dàgbà látìgbà tí bàbá wa ti kú. Àwọn ọmọ méjì yẹn ò padà wálé títí dòní, gbogbo àdúgbò ló mọ̀.

Mo ká a, mo fi sábẹ́ bùbá mi. Mo lọ bá Bàbá nílé, mo sọ fún wọn pé ó sọnù ní press. Mo rò pé wọ́n máa bínú, ńṣe ni wọ́n fọwọ́ lé mi léjìká: "Má da ara ẹ láàmú, ọmọ mi. Mi ò lè gbàgbé ojú yẹn láé. Màá tún un yà."

Kí ló tiẹ̀ dé tí mo fi lọ fi han ẹ̀gbọ́n mi? Mo rò pé á ní kì í ṣe òun... Kò sẹ́. Ó wò ó títí, ó fà á ya wẹ́wẹ́, ó wá rọra bi mí pé níbo ni bàbá yẹn ń gbé. Mo purọ́ pé mi ò mọ̀. Àná ló tún dé, ó ti gbọ́ pé Ìlàjẹ ni, ilé gan-an ni kò mọ̀. Ó ní ká jọ lọ ní Sátidé yìí, pé òun kàn fẹ́ kí Bàbá ni, pé tí wọ́n bá gbóhùn mi, wọ́n á ṣílẹ̀kùn.

Ńṣe ni Bàbá ń dá gbé. Tí mo bá kìlọ̀ fún wọn, ṣé mi ò ti ta ẹ̀gbọ́n mi báyìí? Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ọlọ́pàá ńkọ́, kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n? Ẹ̀yin tí ẹ̀gbọ́n yín tọ́ dàgbà bíi tèmi, ẹ bá mi dá sí i... kí ni kí n ṣe kí Sátidé tó dé?