Ẹja Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Nínú Fóònù, àti Ọ̀rọ̀ Òkúta Rẹ Létí Odò

Ọmọ mi, Afìwọ̀ṣeré,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìfaradà ariwo tí ẹ ń gbọ́ níbẹ̀ láti àárọ̀. Ṣé ara le? Ṣé oorun ń kún ojú? Bí odò ṣe ń ṣàn tí kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ire yóò máa mọ ọ̀nà ilé rẹ láìbéèrè. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má kí ọ jù, kí àyè lè kù fún ọ̀rọ̀ tòun, àmọ́ ẹ̀yìn mi ló wà tó ń ká aṣọ, kò rí ohun tí mò ń kọ.

Gbogbo wa la wà dáadáa. Òrùlé tó ń jò lọ́jọ́sí ti dákẹ́, kì í ṣe pé a tún un ṣe o, òjò ló dá. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń sọ fún mi tí òjò bá ń bọ̀, òótọ́ rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn tó ń wọ kóòtù sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀, o ṣeun, ọmọ á ṣe ọ́ lóore. Ìyá télọ̀ tó wà lójúlé kejì ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, torí ìka tèmi, ìwọ̀ ti gún un títí tó fi yigbì, dígí náà kì í mọ̀ pé ẹnì kan ń fọwọ́ kan òun. Kó tó gbà wá láàyè rárá, ó gbé ìwé gígùn kan jáde, ó ní kí n sọ pé mo gbà. Ìyá télọ̀ ní kí n ṣáà jẹ́ kóun tẹ̀ ẹ́. Mo ní rárá o, àgbàlagbà kì í gba ohun tí kò tíì gbọ́ tán, mo ní kó kà á sí mi létí. Ó kà á, ó kà á, títí oorun fi gbé e lọ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ni mo ṣe tí mo fi gbà. Obìnrin kan tún wà nínú fóònù yẹn tó máa ń dáhùn tí mo bá pè ọ́. Ó ní o kò sí nítòsí. Mo kí i, mo béèrè ọkọ, mo béèrè ọmọ, kò dá mi lóhùn, ó tún ní o kò sí nítòsí. Tó bá jẹ́ òun lẹ jọ ń gbé yàrá, jọ̀ọ́ fi sùúrù bá a gbé, ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tí nǹkan ń dùn.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ̀wé gan-an rèé: òkúta rẹ létí odò fẹ́ bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

O mọ òfin àwa apẹja oníwọ̀. Ẹni tó bá ní òkúta ìjókòó lábẹ́ igi ńlá yẹn, tirẹ̀ ni, àmọ́ tí omi bá kún, tó sì fà, tí kò wá jókòó kó sọ ìwọ̀ sómi, ó parí, òkúta di ti ẹlòmíì. Omi ti kún lọ́dún yìí, ó sì ti ń fà. Onígbàjámọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò wa, tí a ń pè ní Rédíò, ló ń wojú òkúta rẹ bí ológbò ṣe ń wojú ẹran. Èèyàn burúkú kọ́ o. Ó mọ irun gẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kì í sinmi, àwọn ẹja inú odò mọ ìtàn ayé rẹ̀ ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ kékeré lára, tó bá ń yí i, á máa dún kíríkírí, ẹja tí kò bá sì tíì sá fún ẹnu rẹ̀, á sá fún kẹ̀kẹ́ náà. Nítorí pé kò ní òkúta, ìdúró ló fi ń pẹja láti ọjọ́ tó ti dé.

Ṣé o rántí bí òkúta yẹn ṣe di tìrẹ? Eyín iwájú rẹ ti ká nígbà náà, o sì máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ekòló kí o tó fi wọ́n sẹ́nu ìwọ̀. Àrọ̀ kan gbé ìwọ̀ rẹ, ó fà ọ́, o jókòó pẹ̀ẹ́ sínú omi, gbogbo wa ń pariwo pé kí o jù ú sílẹ̀, o ò jù ú sílẹ̀. Bàbá bíríkìlà, alága wa, ní ọwọ́ tí kì í jáwọ́ kò yẹ kó ṣaláìní ìjókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló yí òkúta náà wá sáàárín tèmi àti tirẹ̀, ó gbé irinṣẹ́ tó fi ń wò bóyá búlọ́ọ̀kù tẹ́jú lé e lórí, ó ń fi ẹsẹ̀ tì í díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ilé olówó. Tí a bá ń lọ sílé nírọ̀lẹ́, ọrùn mi lo máa ń sùn sí, itọ́ rẹ á máa rin fìlà mi, ẹja á wà lọ́wọ́ òsì mi, ọrùn á máa ro mí, mi ò sì ní fẹ́ kí ilé tètè dé.

Ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n bi mí ní gbangba pé ọmọ mi dà. O ti sọ fún mi pé ọ̀gá rẹ ò gbà kí o wá, kí ni kí n wá ṣe? Mo ní ó ń bọ̀. Mo ní kí ìyá télọ̀, tó bá mi wá sétí odò nítorí fóònù, gbé àwòrán rẹ jáde nínú rẹ̀, èyí tí o wọ aṣọ búlúù tí ò ń rẹ́rìn-ín. Mo fi ọ́ ti agolo mílíìkì lórí òkúta rẹ, mo fi fìlà mi bo orí rẹ nítorí oòrùn, mo so ìwọ̀ rẹ mọ́ èèkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Rédíò rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá bíríkìlà kúnlẹ̀, ó wojú dígí, ó kí ọ. O ò dáhùn, àmọ́ o rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní ọmọ yìí ò yí padà, pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí omi bá wà níwájú rẹ̀. Bó ṣe ń dìde báyìí ni dígí ṣókùnkùn. Rédíò pariwo pé ó ti lọ o, ó ti lọ! Mo ní ta ló lọ, oorun ló ń sùn, ta ni nínú wa tí kì í sùn lórí òkúta rẹ̀, ta ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rí?

Ọmọ mi, àfi bí okùn ṣe fò! Tìrẹ o, kì í ṣe tèmi. Èmi ni mo bá ọ fà á, nítorí fóònù ò lọ́wọ́. Àrọ̀ ni, ó sanra bí ẹni tí kì í ronú. Gbogbo wa sáré wá wò ó, Rédíò pàápàá gbàgbé ìtàn tó ń sọ lọ́wọ́. Ẹni tó ni ìwọ̀ ló ni ẹja, ni mo bá ní kí ìyá télọ̀ fi í ránṣẹ́ sí ọ. Ó gbé fóònù sójú ẹja, ó tẹ̀ ẹ́, àmì méjì jáde, ó ní ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ nígbà tí mo wolẹ̀, ẹja ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ń jà. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, ó wá yé mi: ẹrù ńlá kì í lọ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ ni fóònù ń kó o. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Inú bàsíà ìfọṣọ ìyá rẹ ló ti ń lúwẹ̀ẹ́, ìyá rẹ sì ń fọ aṣọ nínú ìkòkò, ó ń bá mi jà. Tó bá ti pé lọ́dọ̀ rẹ, torí tìrù, jọ̀ọ́ tètè sọ fún wa.

Bàbá bíríkìlà dá ẹjọ́ pé ẹni tó bá pa ẹja ti jókòó. Òkúta di tìrẹ títí omi ọdún tó ń bọ̀. Rédíò tẹríba, ó ń ká okùn rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Inú mi dùn dé ibi tí inú ń dùn dé.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ sílé, àwọn àgbà ń kérora, wọ́n ń fa ara wọn dìde, wọ́n ń gbọn ṣòkòtò. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn láti fà ọ́ dìde bí mo ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ mi ba fìlà. Ìka méjì ni mo fi mú ọ, mo fi ọ́ sápò ẹ̀wù. O fúyẹ́. Ọmọ tó máa ń mú ọrùn ro mí, o fúyẹ́ ju ekòló lọ. Mo rìn díẹ̀, ọrùn ò ro mí, ó sì dùn mí pé kò ro mí.

Ni mo bá padà. Rédíò ṣì wà ní ìdúró níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Mo ní kó jókòó. Ó ní ìdájọ́ ńkọ́? Mo ní èmi bàbá olókùúta ló ní kó jókòó, kó bá wa mú òkúta náà gbóná, kó má baà hu ewédò tí yóò yọ̀ ọ́ ṣubú, àmọ́ lọ́jọ́ tí ó bá rí ọ, kó dìde láìfọhùn. Ó fi ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀ búra. Ó jókòó, ó wo odò, ó ní ẹ̀n-ẹ́n, báyìí ni omi ṣe rí láti ibí? Mo ní bí o ṣe máa ń rí i nìyẹn.

Nítorí náà, mo ti yá a ní òkúta rẹ, má bínú. Fóònù jàre ẹjọ́, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti bàbá ẹni. Mi ò ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Òwúrọ̀ kan péré ni mo ń tọrọ, kí omi tó fà tán, bí ẹja jẹ, bí kò jẹ. Rédíò gan-an ló ń béèrè ọ lójoojúmọ́, ó ní kí òun lè mọ ọjọ́ tí òun máa dìde.

Tí ọwọ́ bá dẹ̀, fi ìwọ̀ wẹ́wẹ́ ránṣẹ́ àti okùn tó le, àti owó díẹ̀ kí n fi ra bàsíà pẹ̀tù sí ìyá rẹ nínú. Tí ọwọ́ ò bá dẹ̀, má yá owó nítorí wa. Má fi wọ́n sínú fóònù, ẹja ṣì ń lọ lọ́wọ́, kí ọ̀nà má baà há.

Ibi tí o bá sọ ìwọ̀ sí, kò ní bọ́ sófo. Ìwọ̀ ayé kò ní kọ́ ọ lẹ́nu. Omi tó bá fà níwájú rẹ, á kún padà lójú ayé rẹ. Wàá lọ, wàá bọ̀, wàá bá wa láàyè. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ń fi ojú kan wo ìwọ̀, tí ń fi ojú kejì wo ọ̀nà.